Ata Ìyá Àgbà Nígbà Ọyẹ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní ọdún 1997, ìwé kẹfà ni mo sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni à ń gbé nígbà náà. Bàbá mi ń tún ọkọ̀ ṣe, ìyá mi sì ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà. Kì í ṣe àwa nìkan ni Yorùbá tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì. Láti ayé àwọn òyìnbó tí wọ́n ń wa tíìnì nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ síbẹ̀ láti ṣòwò, púpọ̀ nínú wọn sì bí ọmọ síbẹ̀.

Bí ẹ kò bá tí ì dé Jọ́ọ̀sì rí, ẹ lè máa rò pé kò sí ibi tí òtútù ti ń mú ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa. Orí òkè ni ìlú náà wà. Ó fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀dùnkún òyìnbó, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, òtútù òru lè mú kí òṣùwọ̀n lọ sílẹ̀ dé 11°C tàbí 12°C. Ètè wa a máa là, gìgísẹ̀ wa a máa là, kúbùsù kan kì í sì í tó wa í bò. Ẹ̀gbọ́n mi a máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, èmi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá àgbà, ìyá tí ó bí ìyá mi, kò gbé ní Jọ́ọ̀sì. Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà ní tiwọn. Wọ́n ní ata rodo kan tí wọ́n máa ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Ata náà kò tóbi, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Bí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ẹni tí ó wà ní ojúde yóò mọ̀. Lọ́dọọdún ni Ìyá àgbà máa ń ṣa èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀. Wọn a yọ kóró rẹ̀, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì ta á ní kókó sínú aṣọ kékeré kan. Wọn kì í ra kóró ata lọ́jà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, Ìyá àgbà jáde láyé. Nígbà tí ìyá mi ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, ẹrù tí wọ́n gbé wá kò pọ̀. Aṣọ òfì kan ni, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan, àti kókó aṣọ kékeré yẹn. Èkúté ti jẹ aṣọ náà lápá kan, ó sì ti kó nínú kóró tí ó wà níbẹ̀ lọ. Mo bá ìyá mi ka èyí tí ó kù. Méjìdínlọ́gọ́ta ni.

Ìyá mi ní, "Kò sí ẹlòmíràn tí ó ní ata yìí mọ́. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá àgbà ti di igbó. Bí a bá fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan wọn, ata wọn ni n ó fi se ọbẹ̀ tí àwọn àlejò yóò jẹ."

A ṣírò rẹ̀. Ata rodo máa ń lo nǹkan bí oṣù méjì nínú agolo kí ó tó ṣe é lọ́ sí oko. Lẹ́yìn èyí, ó tún máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó tó pọ́n. Bí a bá ní kí a dúró de òjò kí a tó gbìn ín, oṣù Kẹjọ yóò bá wa láìní ata kankan lọ́wọ́. Àfi kí kóró náà hù nínú ọyẹ́. Nítorí pé èmi ni mo máa ń bójú tó ọgbà ilé ìwé wa, èmi ni ìyá mi gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ka ogún kóró fún mi.

Mo lu ihò sí ìdí agolo mílíìkì mẹ́wàá. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú sínú wọn, mo fi kóró méjì méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, n kò rí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fi igi tín-ín-rín tú iyẹ̀pẹ̀ agolo kan wò. Kóró méjèèjì ti rọ̀, wọ́n sì ti hu funfun bí búrẹ́dì tí ó bu. Mo tú ìyókù. Bákan náà ni gbogbo wọn rí.

Ìyá mi ní, "Ọyẹ́ ni." Wọ́n tún ka ogún fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo ti ṣe ohun tí ó dùn mí jù nìyí. Mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ òtútù ni ó pa ti àkọ́kọ́, iná ni ó yẹ kí n fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a jẹun tán, mo fi eérú bo ògúnná inú ààrò. Mo kó gbogbo agolo lé e lórí, inú mi sì ń dùn lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, n kò lè fi ọwọ́ kan agolo náà. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń run bí ẹ̀pà yíyan.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó agolo náà padà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì ń bomi rin wọ́n lójoojúmọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ìyá mi bá bi mí pé, "Ata ńkọ́?", mo máa ń dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀, mà." Gbogbo ọdún Kérésì ni mo fi ń pa irọ́ yìí. Ẹran adìẹ ọdún náà kò dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní, mo lọ bá olùkọ́ wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ọmọ kan bá gbin ata tí kò hù, tí ó wá gbé e ka iná, ǹjẹ́ ó lè padà hù?"

Olùkọ́ wa wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ wo ni?" Mo dorí kodò. Wọn kò bi mí mọ́. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tí àmù omi mímu wa wà, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù rinrin. Wọ́n tún ní kí n ki ọwọ́ bọ omi tí ó wà nínú báàfù ṣíṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tutù tó ti àmù rárá.

Wọ́n ní, "Inú òjìji kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Kí ló mú omi àmù tutù jù?"

N kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá là á yé mi pé amọ̀ ni àmù, omi sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú rẹ̀ bọ́ sí ara rẹ̀ lóde. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ omi náà gbẹ. Omi kì í sì í gbẹ lásán. Bí ó bá ti ń gbẹ, ó ń gba ooru lọ́wọ́ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ooru ara àmù ni ó ń kó lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni omi ṣe ń tètè fà lọ, ìdí nìyẹn tí omi àmù fi máa ń tutù jù nígbà ọyẹ́.

Wọ́n ní, "Agolo ata tí o fi sílẹ̀ ní gbangba, tí o ń rọ omi sí láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ni o sọ ọ́ dà?"

Mo ronú díẹ̀. Mo ní, "Àmù ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òtútù òru wà lọ́tọ̀, èyí tí èmi fúnra mi ń fi omi dá sílẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ inú agolo mi tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ bí kóró ṣe ń hù fún mi. Kóró ata kò kú, ó sùn ni. Bí a bá fún un ní omi, yóò mu ún, yóò wú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ooru. Bí òtútù bá pọ̀, kóró yóò mu omi ṣùgbọ́n kò ní lè ṣiṣẹ́. Yóò kàn rẹ sínú omi bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi rà. Bí ilẹ̀ bá wà ní 10°C, ata kì í hù. Ní 15°C, ó lè tó ọjọ́ 25 kí ó tó yọrí. Ní 20°C, nǹkan bí ọjọ́ 13. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá wà láàárín 25°C sí 30°C, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ ti tó. Ata rodo tilẹ̀ máa ń lọ́ra ju àwọn ata mìíràn lọ. Bí ooru bá wá dé 40°C ńkọ́? Kóró náà kò ní hù nìyẹn.

Mo bi wọ́n bóyá gbogbo kóró ni ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀pẹ. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí à ń pè ní NIFOR, nítòsí ìlú Benin, ooru bíi 39°C sí 40°C ni wọ́n fi ń jí kóró ọ̀pẹ, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ooru náà fún nǹkan bí ọgọ́rin ọjọ́. Ẹnu yà mí. Ooru tí kì í jẹ́ kí ata hù ni ó ń jí ọ̀pẹ.

Olùkọ́ wa ní kí n máa fi adìẹ tí ó ń sàba ṣe àpẹẹrẹ. Kì í dáná sun ẹyin rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó fi ń bò ó, kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ pẹ́. Ooru tí ata ń fẹ́ tilẹ̀ kéré sí ti ẹyin. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ooru náà máa ti ìsàlẹ̀ wá, kí ó lè kọ́kọ́ dé ibi tí kóró wà, kí n sì fi ọ̀rá bo ojú agolo kí omi má baà máa gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Bí mo ṣe máa rí ooru náà nílé, wọ́n ní kí èmi lọ wá a.

Ó ku kí n sọ fún ìyá mi. Mo sọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo retí pé wọn yóò nà mí. Wọn kò nà mí.

Wọ́n ní, "Gbogbo ogún náà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi àwo ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, kókó aṣọ náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Méjìdínlógún ni ó kù. Sọ ohun tí olùkọ́ rẹ wí fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí á fi gílóòbù iná mànàmáná sínú páálí, kí á gbé agolo lé e. Gílóòbù ìgbà yẹn máa ń gbóná gan-an, kò dà bí èyí tí ó pọ̀ lọ́jà lónìí. Ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀. Wọ́n ní omi àti iná mànàmáná kì í gbé inú páálí kan náà, àti pé bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín òru, kí ni a ó ṣe? Ọ̀rọ̀ Bàbá tọ̀nà.

Bí mo ṣe yíjú báyìí, mo rí kúlà ńlá tí ìyá mi fi ń gbé ìrẹsì lọ sí ọjà. Láàárọ̀ ni wọ́n máa ń bu ìrẹsì sí i, yóò sì gbóná títí di ìrọ̀lẹ́. Lálẹ́, kúlà náà ṣófo. Òru gan-an sì ni òtútù máa ń mú.

Ìyá mi ní, "Kúlà oúnjẹ mi? Kí iyẹ̀pẹ̀ wá wọ inú ìrẹsì oníbàárà?" A jọ jiyàn rẹ̀ títí. Níkẹyìn wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin lé e: kí n máa kó agolo sínú ọ̀rá tí ó mọ́ kí ó tó wọ kúlà, kí n sì máa fi ọṣẹ fọ kúlà náà ní òwúrọ̀ kí agogo mẹ́fà tó lù.

Olùkọ́ wa yá mi ní tẹmọ́mítà kan. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi kóró kankan sí i títí n ó fi dán ooru náà wò. Mo wá kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré méjì, mo rọ omi gbígbóná sínú wọn, mo dé wọn pa, mo sì tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ kúlà. Mo to igi wẹ́wẹ́ lé wọn lórí, mo wá gbé agolo iyẹ̀pẹ̀ lásán lé orí igi náà. Ìyá mi ni ó bá mi rọ omi náà. Bí ẹ bá fẹ́ dán irú èyí wò, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà bá yín rọ omi gbígbóná.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni a lò. Lẹ́yìn wákàtí kan, tẹmọ́mítà tí mo kì bọ iyẹ̀pẹ̀ ti dé 43°C. Àyà mi já. Ká ní kóró wà níbẹ̀ ni, ó parí nìyẹn. Ní alẹ́ kejì, a po omi gbígbóná mọ́ omi tútù. Ó wà ní 31°C nígbà tí mo fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n ó ti lọ sílẹ̀ dé 22°C nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ kẹta, mo fi àkísà ìró wé kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kí ooru rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, mo sì mú kúbùsù mi bo gbogbo kúlà náà. Ó jẹ́ 29°C lálẹ́, ó jẹ́ 25°C láàárọ̀. Mo ké ìbòsí ayọ̀ débi pé Bàbá sáré jáde.

Láti ọjọ́ náà ni kúbùsù mi ti di ti ata. Mo lọ ń bá ẹ̀gbọ́n mi bora. N kò sì fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, nítorí pé mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbin kóró méjìdínlógún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kàn jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tutù ni, n kò jẹ́ kí omi dúró nínú rẹ̀, mo sì fi ọ̀rá bo ojú agolo. Bí wọ́n bá ti pe ìrun àsùnbáà ní mọ́sálásí àdúgbò wa, mo ti dìde. N ó gbé agolo jáde, n ó fọ kúlà, n ó sì kó agolo sí yàrá títí oòrùn yóò fi yọ. Nígbà tí oòrùn bá ti mú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó máa ń wà nílé yóò gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń pa, kò sì ní jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán kan ọ̀rá náà tààrà, kí inú rẹ̀ má baà gbóná jù.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹjọ. Kò sí nǹkan kan. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n máa ń yọjú wo inú kúlà kí wọ́n tó sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣí ọ̀rá kúrò lójú agolo kẹrin. Ohun kan tín-ín-rín, funfun, tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja, ó gbé iyẹ̀pẹ̀ sókè díẹ̀. N kò lè ké. Mo lọ fa ìyá mi ní aṣọ. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú kúlà ìrẹsì wọn, wọ́n sì wò ó títí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe oríkì Ìyá àgbà wúyẹ́wúyẹ́.

Kí ọjọ́ kẹrìnlá tó pé, mẹ́tàlá ti hù. Márùn-ún kò hù rárá, bóyá nítorí pé wọ́n ti gbó jù. Olùkọ́ wa ní bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti yọrí, kí n tètè ṣí ọ̀rá lójú rẹ̀, kí n sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ata tí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn tí ó gbóná yóò ga gọngọ, yóò sì dà wó. Ọ̀kan tí mo gbàgbé sínú kúlà fún ọjọ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìrẹ̀ tún gé méjì jẹ. Ó ku mẹ́wàá.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, a lọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ní ìparí oṣù Keje, èyí tí ó kọ́kọ́ pọ́n pọ́n. Ìyá mi já a, wọ́n fi èékánná ya á, wọ́n sì gbé e sí imú. Wọ́n ní, "Òun ni."

Ní oṣù Kẹjọ, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo gbé agbọ̀n ata lé itan láti Jọ́ọ̀sì títí dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ ìrántí náà, ìyá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá àgbà gba àwo ìrẹsì tirẹ̀. Ó fi ìka kan ọbẹ̀, ó lá a, ó sì gbójú sókè.

Ó ní, "Ta ni ó rí ata ìyá yìí?"

Ìyá mi nawọ́ sí mi.

Kí a tó kúrò ní Ìsẹ́yìn, a ṣán ẹ̀yìnkùlé náà díẹ̀, ìyá arúgbó náà sì gba ogójì kóró lọ́wọ́ wa láti gbìn síbẹ̀. Ìyókù ni ìyá mi pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ta ìdajì ní kókó sínú aṣọ ti àtijọ́ náà, níbi tí èkúté kò jẹ. Wọ́n gé etí ìró wọn, wọ́n ta ìdajì kejì sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.